Ìyàwó Orí Fọ́ọ̀mù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Obiora, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi pàdé ọkọ tiwọn nílé ìwé tàbí nínú ẹgbẹ́ akọrin. Tèmi yàtọ̀.

Ibi iṣẹ́ ló rán mi lọ sí òkè Ngwo pé kí n kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ tí nǹkan ò ṣẹnuure fún. Àjọ kan fẹ́ máa fi owó ránṣẹ́ sí wọn tààrà lórí fóònù. Kì í ṣe àpò ìrẹsì, kì í ṣe ajílẹ̀, owó gan-an ni, kí oníkálukú fi ṣe ohun tó bá wù ú. Obiora ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi tó ti ń fi ṣọ́bìrì kó yanrìn sínú típà, yanrìn sì bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó gbé àpótí kan ṣoṣo tó wà lágbàlá fún mi, òun dúró.

"Madam, kí lorúkọ yín?"

"Àánú."

"Wetin e mean?"

"Mercy."

Ó rẹ́rìn-ín. "So na Mercy carry the money come. Ẹ jókòó dáadáa nígbà náà."

Mo fojú le, mo ń bá ìbéèrè mi lọ. Ìyá rẹ̀ arúgbó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀pà roro tí wọ́n fi ń se ọ̀kpá, oúnjẹ tó dà bí mọ́ínmọ́ín, àwọn ọmọ méjì rọ̀ mọ́ ọn.

"Àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́?"

"Nwunye anyị," ni Obiora wí. Ìyàwó wa.

Mo kọ ọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ni, mo sì kọjá síbi tó kàn.

Ó yẹ kí n mọ̀. Àǹtí Oyèbísí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń pe ìyá mi tó jẹ́ ọmọ Udi ní "ìyàwó mi" ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, kò sì sẹ́ni tó rò pé àwọn ni wọ́n gbé e níyàwó. Ṣùgbọ́n oòrùn ń pa mí, ọ̀pọ̀ ilé ṣì wà níwájú mi. Oluchi ni obìnrin náà. Ìyàwó Somadina ni, ẹ̀gbọ́n Obiora tí ibà pa lọ́dún méjì ṣáájú.

Èmi ò mọ̀. Oṣooṣù ni mo ń padà lọ wo bí wọ́n ṣe ń lo owó náà, oṣooṣù ni Obiora ń sìn mí dé ibi kẹ̀kẹ́, tí mo sì ń bínú sí ara mi pé ọkọ ọlọ́kọ ni mò ń rò. Lọ́jọ́ kan ó gbé kókò wá sí New Market, ó pè mí pé kí n wá mú tèmi. Ó di ọwọ́ mi mú. Mo já a gbà.

"Ojú ò tì ẹ́? Pẹ̀lú ìyàwó nílé!"

"Ìyàwó wo?"

"Oluchi ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tó ṣàlàyé tán, òun nìkan ló ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi ti lọ sórí fọ́ọ̀mù tí mo kọ.

Mo dọ́gbọ́n bi Madam Nneka, ọ̀gá mi, pé bí ènìyàn bá ṣèèṣì kọ nǹkan tí kò rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? "That house go lock," ni wọ́n wí. "Wọn ò ní rí nǹkan kan gbà títí wọ́n á fi yẹ̀ wọ́n wò, ìyẹn di next year. Ẹni tó sì kọ ọ́, ilé ló ń lọ."

Mo fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí ni ǹ bá ṣe? Ẹ wá wo ilé náà nígbà yẹn. Páànù tuntun ti wà lórí yàrá ìyá arúgbó. Tẹ́lẹ̀, bí Oluchi bá ti kórè ẹ̀pà rẹ̀ ni yóò tà á lọ́pọ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, nítorí owó ilé ìwé. Ní báyìí, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń se ọ̀kpá gbígbóná tà láàárọ̀. Obiora kò lọ kó yanrìn mọ́, oko ara rẹ̀ ló ń ro. Ara rẹ̀ dán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé n kì í lè jẹun tán lójú rẹ̀.

"Obi m, ọkàn mi," ni ó máa ń pè mí.

"Olówó orí mi tí kò tíì san kọ́bọ̀," ni mo máa ń dá a lóhùn.

Bàbá mi náà fẹ́ràn rẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ akọ̀wé rélùwéè, wọn kì í sì í gba ohun tí wọn ò bá rí lórí ìwé gbọ́. Wọ́n lọ síbi ìdúpẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ngwo, wọ́n rí orúkọ àwọn tó ń gbowó lára ògiri, wọ́n yà á sórí fóònù wọn.

"Àánú, ka ibí yìí sí mi létí."

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ka á."

"Obiora. Ìyàwó rẹ̀, Oluchi."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

Wọ́n wò mí tìyanu tìyanu. "Kó lọ gba ìwé tó sọ pé kò níyàwó. Before then, I don't want to see him in this compound."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe há. Bí mo bá tún un kọ, ilé tí mo fẹ́ wọ̀ yóò pàdánù owó tó gbé wọn dìde. Bí n ò bá tún un kọ, n kò lè wọ ilé náà. Mo sunkún lójú Obiora nínú ariwo New Market.

"Oṣù mẹ́jọ ló kù," ni ó wí. "Kí owó náà parí, ká wá sọ òótọ́. Má jẹ́ kí Oluchi gbọ́. Bó bá mọ̀, kò ní fọwọ́ kan owó náà mọ́."

A dúró. Oṣù mẹ́jọ gùn lára ẹni tí bàbá rẹ̀ kì í bá sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Nígbà tó pé, ibi iṣẹ́ fún mi ní lẹ́tà kan pé kí n lọ kà á fún wọn lágbàlá wọn. Ilé wọn wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù lọ, nítorí náà wọ́n fi ọdún méjì kún un.

Ìyá arúgbó bú sórin. Oluchi ní ẹ̀rọ ìlọ̀ ọ̀kpá lòun máa rà. Èmi ń sunkún, ìyá arúgbó sì ń nu ojú mi, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá wọn yọ̀. Obiora kò lè wo ojú mi.

Ọdún méjì! Mi ò lè ṣe é mọ́.

"Sístà Oluchi, ọ̀rọ̀ kan wà."

"Àánú, jọ̀ọ́," ni Obiora wí.

Mo sọ ọ́ síbẹ̀. Oluchi tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ó lé lọ́dún kan tí ìwé tí èmi ò lè kà ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì pé mo ti fẹ́ àbúrò ọkọ mi? Ohun tí àwọn ènìyàn ṣe ń wò mí lọ́jọ́ Sunday nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Somadina dà nínú ìwé yín?"

"Kò sí níbẹ̀."

"A fẹ́ tọ́jú ẹ ni," ni Obiora wí.

"Ta ló ní kí ẹ tọ́jú mi? Ẹ pa ọkọ mi rẹ́, ẹ ní ẹ̀ ń tọ́jú mi!"

"Wọ́n á dá owó dúró o. Ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Obiora, èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ."

Ní ọjọ́ Monday, Oluchi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá sí ibi iṣẹ́ wa. Madam Nneka bi í bóyá ó mọ̀ pé owó yóò dúró, pé kò sì dájú pé yóò padà. Ó ní òun mọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ fọ́ọ̀mù tuntun, iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn kí wọ́n tó gba káàdì ọrùn mi nìyẹn. Mo kọ Oluchi gẹ́gẹ́ bí olórí ilé ara rẹ̀, opó Somadina. Ó ní kí n ka orúkọ Somadina sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà.

Obiora dúró sẹ́nu géètì, kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín tàbí kó bẹ̀bẹ̀. Èmi náà ò mọ̀. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, owó ti dúró, ara mi sì fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Kí lo dúró ń wò?" ni Oluchi bi í. "A ń lọ kí bàbá Àánú."

Ó jókòó sáàárín èmi àti Obiora nínú kẹ̀kẹ́, ó gbé ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tuntun náà lé itan, ó sì sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé Asata, àdúgbò bàbá mi, là ń lọ.