Ilẹ̀kùn Tó Wà Lápá Ọ̀tún

Ọkọ̀ ojú omi tó gbé Wajdi lọ kò gúnlẹ̀ síbì kankan. Kò dé Ítálì, kò padà sí Mahdia ìlú wa ní Tùnísíà, a ò sì rí ẹyọ pátákó kan lára rẹ̀ kó léfòó wá sétíkun. Oṣù kẹrin rèé.

Gbogbo ìlú ti gbà pé ọmọ náà ti bómi lọ. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ò gbà. Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, ìyá náà, Mbarka, wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ó jókòó síwájú Sondes, ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó sì gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ọmọ mi wà láàyè," ó ní. "Ẹ kà á. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló kọ èyí."

Sondes kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú ẹ̀ ti rí òkú omi ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní etíkun yìí, kò sì fẹ́ràn kí ìyá máa fi ẹ̀rín wọlé tọ òun wá. Ó fa fóònù náà mọ́ra.

Eré orí fóònù kan ni, Ilẹ̀kùn lorúkọ ẹ̀. Kò lórin, kò láwòrán, kò níbọn. Ojú ewé funfun ni, pẹ̀lú àmì róbótó dúdú kan ṣoṣo àti ilẹ̀kùn tóóró kan létí ewé. Kéèyàn fìka ti àmì náà títí táá fi gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde, ó tán. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ làwọn tó ń ṣe é ti ń sọ èrò wọn. Ẹnìkan láti Sousse fún un ní ìràwọ̀ kan, ó ní ewé funfun lásán ni, ṣé wọ́n ń fi àwọn ṣẹ̀fẹ̀ ni. Obìnrin kan láti Alẹkisáńdíríà fún un ní márùn-ún, torí òun ló ń ṣe nígbà tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ẹnìkan tún ní ìpele ogún ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ọkọ òun, kò sì jọ ẹni tó ń ṣàwàdà.

Láàárín wọn ni orúkọ kan wà: Wajdi ọmọ Mbarka.

Èyí tó kọ kó tó lọ rèé: "Ìyá mi ló borí ìpele kejìlá, kì í ṣe èmi. Ilẹ̀kùn apá òsì tó há yẹn, ìka kan ló fi ṣí i."

Mẹ́ta ló wọlé lẹ́yìn tó lọ. Àkọ́kọ́ ní: "Ó le, àmọ́ mo ṣì ń ṣe é." Ìkejì ní: "Ìpele ogójì. Ilẹ̀kùn apá ọ̀tún ò ní ṣí àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gba ìsàlẹ̀. Kí Màmá mi má jẹ́ kó sú àwọn." Ti ọjọ́ Àìkú ní: "Àmì kejì yìí ń dà mí láàmú. Kì í kúrò lójú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́." Àwọn tó ṣe eré náà ti fèsì sí i lábẹ́ pé àmì kan ṣoṣo ló wà nínú eré àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn ò mọ èkejì tó ń rí.

Sondes bi í bóyá Wajdi ti pè é rí láti ìgbà tó ti lọ. Kò pè é. Ó tún bi í pé kí ló dé tọ́mọ á fi kọ̀wé sábẹ́ eré tí kò ní pe ìyá ẹ̀.

"Bóyá ojú ń tì í. Bóyá wọ́n tì í mọ́lé níbẹ̀, ibi tó ráyè dé nìyẹn." Mbarka tẹ̀ síwájú. "Ẹ bá mi wá a, ọmọ mi. Tó bá fi máa di Sátidé tẹ́ ẹ ò rí i, èmi fúnra mi ń lọ. Mo ti rí àyè nínú ọkọ̀ kan."

Obìnrin yìí ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Sondes bi í pé ọkọ̀ ta ni. Mbarka kọ̀, kò dárúkọ ẹni náà. Tí Wajdi bá ti kú lóòótọ́, a jẹ́ pé ẹnìkan ń kọ̀wé lórúkọ òkú, ìwé náà sì ti fẹ́ pa ìyá mọ́ ọmọ.

"Ìyá, orúkọ ẹ̀ yìí, fóònù ta ló tún wà?"

Mbarka rẹ́rìn-ín. Ó ní bátìrì fóònù Wajdi ò lè dúró di ìrun ọ̀sán. Tí iná ẹ̀ bá ti tán, Wajdi á gba ti ẹni tó bá sún mọ́ ọn, á fi ṣeré, kò sì ní rántí yọ orúkọ ẹ̀ kúrò. Àwọn mẹ́ta ló máa ń yọ lẹ́nu bẹ́ẹ̀: Taoufik ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Olfa àfẹ́sọ́nà ẹ̀, àti Chokri ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Sondes bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Taoufik, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ohun èlò mọ́tò. Ìlú ti ń fìka sí i. Wọ́n ní oko ólífì tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló ń wá bó ṣe máa tà. Ẹ mọ̀ bí ìlú wa ṣe rí, ẹni tí ò rí nǹkan kan gan-an ló ń ṣẹlẹ́rìí. Àmọ́ Sondes ti rò ó wò: tí ìyá náà bá bá omi lọ, ta loko náà máa kù fún?

Taoufik ò sá fún ọ̀rọ̀ oko. Ó ní òótọ́ ni, òun fẹ́ tà á, gbèsè wà lọ́rùn òun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń dun òun.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ ká kírun òkú fún àbúrò mi. Kì í jẹun. Ó ń to bàtà ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà lálaalẹ́. Ṣebí àwọn àgbà ló ní ọmọ mí kú yá ju ọmọ mí nù lọ."

Ó kọjú sí àwọn páànù epo mọ́tò tó tò sí ẹ̀yìn.

Olfa wà nídìí òfì, ó ń hun sílíìkì fún ìyàwó ẹlòmíì. Bàbá ẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ní Monastir, opó ọkùnrin tó lọ́mọ méjì. Bí Wajdi bá wà láàyè, àdéhùn wọn ṣì wà. Bó bá ti kú, wọ́n á gbé e lọ kí ọdún tó parí. Sondes ò fi bọpobọyọ̀.

"Ṣé ìwọ lò ń kọ ọ́?"

"Rárá, Ọ̀gá." Omi dà lójú ọmọbìnrin náà, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ ò kúrò lára òwú. "Mi ò ronú ẹ̀ ni. Ká ní mo ronú ẹ̀, ojoojúmọ́ ni ǹ bá máa kọ ọ́."

Ó kù sórí Chokri. Etí ọkọ̀ ni Sondes bá a, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Kò sẹ́ni tó ní ohun tí kò dáa láti sọ nípa ọmọ yìí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń gbé ẹja lọ fún Mbarka, Màmá ló sì ń pè é. Òun àti Wajdi ni wọn ì bá jọ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, inú run ún, ó sì dúró sílé.

"Inú yìí ló gbà mí là," ó ní, "mi ò sì tíì dárí jì í."

Fóònù ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú ọ̀rá tó fi okùn so ṣinṣin. Sondes fi ṣàwàdà, ó bi í bóyá fóònù náà fẹ́ lọ Ítálì ni. Chokri rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń bómi ṣiṣẹ́ ni mí, Ọ̀gá. Fóònù yìí ò kan omi rí. Mo ń tọ́jú ẹ̀ ju ìyàwó tí mi ò tíì ní lọ."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló nídìí, kò sì sí ẹ̀rí lọ́wọ́ Sondes. Ọkọ̀ tí Mbarka fẹ́ wọ̀ ńkọ́? Àwọn ọlọ́pàá ẹ̀ ń wá a káàkiri etíkun, wọn ò rí i. Nígbà tó sú u, ó wa eré náà sórí fóònù tiẹ̀, ó sì ń ṣe é níbi tó ti ń jẹun, nínú ọkọ̀, àní níwájú ọ̀gá ẹ̀. Ó dé ìpele ogójì. Ilẹ̀kùn wà lápá ọ̀tún, kò sì ṣí àfi ìgbà tó gba ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Àmì kan ṣoṣo ló rí. Ó wá èkejì títí, kò sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó lọ sílé Mbarka. Àpò kan tí wọ́n ti dì wà nígun yàrá: búrẹ́dì, dábínù, ìgò omi, ìborùn méjì, àti súwẹ́tà ọkùnrin kan. Ó dun Sondes débi pé kò lè wo àpò náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí Mbarka ṣe ìpele ogójì fún òun wò, torí kó ṣáà lè rí nǹkan sọ.

Ìka ìyá náà ti àmì wálẹ̀, ó sì gba apá òsì lọ.

"Ìyá, ibo lẹ ń lọ? Ọ̀tún nilẹ̀kùn wà."

Mbarka yí fóònù sí i. Òsì nilẹ̀kùn wà.

Wọ́n gbé fóònù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ewé kan náà ni, ó kàn kọjú síra wọn. Mbarka ní Lárúbáwá ni fóònù tòun, torí kíláàsì àgbàlagbà lòun ti kọ́ ìwé, òun ò gbọ́ Faransé. Wajdi náà ṣe tiẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó lè máa ran òun lọ́wọ́. Ti Sondes, Faransé ni. Fóònù Lárúbáwá ń ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ bí ìwé ṣe ń bẹ̀rẹ̀, torí náà ni ilẹ̀kùn fi bọ́ sósì.

"Nígbà náà, kì í ṣe fóònù Wajdi lẹni yẹn fi kọ ọ́," Sondes ní.

Mbarka mú ìborùn kan nínú àpò, ó tún un ká, ó sì dá a padà.

Sondes mọ̀ pé ìyẹn nìkan ò tó. Èèyàn lè ra fóònù míì lókè òkun. Àmì kejì ló kù, ó sì ti ń fura sí ibi tí yóò ti rí i. Ó ránṣẹ́ pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí wọ́n wá jẹun nílé Mbarka lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mbarka se kúsíkúsì, ó fi ẹja tí Chokri gbé wá sí i. Ọlọ́pàá méjì dúró síta.

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, Sondes ní kí oníkálukú ṣí Ilẹ̀kùn sórí fóònù ẹ̀, kó sì gbé e kalẹ̀.

Taoufik kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ kalẹ̀. Òsì nilẹ̀kùn wà. Ó ní òun ò gbọ́ Faransé ju kí òun kí èèyàn káàárọ̀ lọ. Ti Olfa, ọ̀tún ni, pẹ̀lú àmì kan.

Chokri ní iná ti fẹ́ tán nínú tòun.

"Kò ní pẹ́," Sondes ní.

Chokri gbé e kalẹ̀. Ọ̀tún ni. Àmì méjì ló wà lójú ewé. Sondes fìka ti ọ̀kan, ó lọ. Ó ti èkejì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò mira. Ó pa eré náà dé, ó ṣí ewé funfun míì tí kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀. Àmì náà wà níbẹ̀. Láàárín àwòrán àti ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i. Lórí ewé funfun, bí ara eré ló rí.

"Omi iyọ̀ ló ń ṣe ojú fóònù báyìí," Sondes ní. "O ní kò kan omi rí."

"Bóyá ó bọ́ sínú garawa."

"Ìgbà wo?"

Ara Taoufik ti ń gbóná, ó ní ṣé Chokri ló ń kọ̀wé lórúkọ àbúrò òun.

"Èmi ni," Chokri ní. "Màmá ò jẹun. Mo kọ ọ́ kí wọ́n lè jẹun. Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Olfa gan-an wò ó bí ẹni tó fẹ́ dúpẹ́. Sondes na ọwọ́ sí igun yàrá.

"Àpò yẹn ńkọ́? Ìwé tó o kọ ló dì í. Lọ́la ni Màmá ń wọ ọkọ̀, wọ́n fẹ́ lọ bá Wajdi."

Chokri wo àpò náà. Ó rí súwẹ́tà. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà.

"Màmá, ẹ má lọ. Kò sí níbẹ̀."

"Ibo ló wà?" Mbarka bi í, ohùn ẹ̀ ò sì ga.

Ó wá jẹ́wọ́. Inú ò run ún. Òun gan-an ló tu ọkọ̀ náà, ìdí sì nìyẹn tí kò fi sanwó. Ẹ́ńjìnnì kú nígbà tí wọ́n ṣì ń rí iná atọ́nà ọkọ̀ tìlú wa, ìgbì gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ sì dojú dé. Àwọn mẹ́rin tó kù nínú ọkọ̀, ọmọ ìlú òkè tó jìnnà sómi ni wọ́n, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, wọn ò sì pariwo púpọ̀. Túùbù táyà kan ló ṣẹ́ kù fún òun àti Wajdi. Kò lè gbé ẹni méjì.

"Ó di ẹsẹ̀ mi mú," Chokri ní. "Mo tàpá. Mo tún tàpá. Ó fi mí sílẹ̀."

Ìdájí ni omi gbé e jáde nísàlẹ̀ itẹ́ òkú etíkun. Ó so fóònù mọ́ra nínú ọ̀rá, àmọ́ omi ti wọ igun kan, àmì náà sì ń dúdú sí i díẹ̀díẹ̀. Ó lọ sílé, ó dùbúlẹ̀, ó ní inú ń run òun.

Sondes ní kó parí ẹ̀. Kí ló dé tó fi ń kọ ọ́ títí?

"Àkọ́kọ́, lóòótọ́, torí oúnjẹ ni. Mo wá rí i pé níwọ̀n ìgbà tí Wajdi bá ń kọ̀wé, kò sẹ́ni tó ń bi mí ní nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí, Màmá. Ẹ̀rù ń bà mí títí dòní."

Taoufik fò sí i, Sondes fi ara dí i. Àwọn ọlọ́pàá wọlé, wọ́n gbé Chokri dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Mbarka tó pè é.

"Ṣé ó jìnnà?"

"Rárá, Màmá. Èèyàn ń rí iná ilé níbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Olfa bẹ̀rẹ̀ sí sunkún kíkan. Mbarka ò sunkún. Sondes jókòó tì í.

"Ìyá, ẹ ti rí i, àbí? Ilẹ̀kùn yẹn. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti kà á."

"Mo rí i," Mbarka ní. "Mo ní lókè òkun, apá òsì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé, bóyá ilẹ̀kùn tiwọn ló ń wà lọ́tùn-ún. Mo ní ọmọ mi ti ra fóònù ìlú wọn. Kí lẹ fẹ́ kí n ní?" Ó yíjú sí Taoufik. "Ìwọ tó o ń sọ pé ọmọ mí kú yá ju ọmọ mí nù. Mo ti gbé méjèèjì wò báyìí. Kò sí èyí tó yá."

Taoufik wólẹ̀ sẹ́sẹ̀ ẹ̀. Mbarka fọwọ́ kan orí ẹ̀, ó sì ní kó lọ pe lèmọ́mù wá kírun.

Lẹ́yìn náà ló fa fóònù ẹ̀ mọ́ra. Ó wá ibi tí àwọn tó ṣe eré náà ti fèsì lọ́jọ́ Àìkú, ó sì fi ìka kan kọ̀wé síbẹ̀ lórúkọ ara ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó parí. Ó gbé e fún Sondes kó kà á kó tó fi í ránṣẹ́.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe eré yìí, òótọ́ lẹ sọ. Àmì kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Èkejì tẹ́ ẹ ò mọ̀ yẹn, ọmọ mi ni."