Ẹni Tó Kó Ọ̀bọ Wọlé

Òkú Láoyè ayàwòrán-ilé wà ní ìsàlẹ̀ ilé ọ̀bọ, orí rẹ̀ fọ́ mọ́ kọnkéré tí òun fúnra rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀.

Ilé yìí làwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wá sí ọgbà ẹranko Erunmu: kọnkéré funfun báláú, kò sígi, kò séwé, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń yí gòkè láìní irin ìdìmú. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni Láoyè máa ń gùn ún lọ ya fọ́tò.

Safurat, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti Egbeda, bọ́ bàtà, ó gun ọ̀nà náà. Ní kọ́nà kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Àdín àgbọn ni.

Ó tún rí àwọn ọ̀bọ nínú yàrá wọn, ìlẹ̀kùn wà ní títì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ nìkan ni wọ́n ń kó wọn wọlé, òjò ò sì rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́wàá.

Àwọn mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà. Safurat fi àdín náà hàn wọ́n.

“Èmi àti Láoyè jà lóòótọ́,” ni Mojí tó ni ọgbà wí. “Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló ń pe èrò wá fún mi. Kí ni mo fẹ́ fòkú ẹ̀ ṣe?”

Josiah bíríkìlà ò fi bò. “Ó dójú tì mí níwájú àwọn ọmọṣẹ́ mi. Mo ṣépè fún un. Èpè ni mo ṣẹ́, mi ò da àdín.”

Àdúràọlá, opó tó ń bọ́ àwọn ẹranko, ò sọ púpọ̀. “Mo dé, mo bá òkú, mo figbe ta. Mi ò tíì débi àwọn ọ̀bọ rárá.”

Safurat ní kí wọ́n fi eérú nu àdín náà kúrò, ó sì tú àwọn ọ̀bọ sílẹ̀. “Ẹ kó wọn wọlé padà.”

Mojí pè wọ́n títí, ó sú u. Josiah na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wọn, wọ́n sá gun òrùlé. Àdúràọlá ò pe ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀ wá di ìró rẹ̀ mú.

“Ẹni tó da àdín mọ̀ pé ọ̀bọ á yọ̀ ṣubú,” ni Safurat wí jẹ́ẹ́. “Ó ṣàánú wọn, ó kọ́kọ́ kó wọn wọlé. Mà, kí ló dé?”

Àdúràọlá ń fọwọ́ pa ọ̀bọ kan lórí. “Kọ́nà yẹn gan-an ni Àkànbí ọkọ mi ti já bọ́ lésìí, níbi tó ti ń fọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ bẹ Láoyè pé kó fi irin sí i. Ó ní irin á ba ẹwà ilé òun jẹ́. Mo da àdín náà ní ìdájí òní. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Àwọn wọ̀nyí ni ò ṣẹ̀ mí.”

Ó na ọwọ́ méjèèjì fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

“Nígbà tí Àkànbí kú, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi retí ọlọ́pàá. Ti Láoyè, ìrì ò tíì gbẹ tẹ́ ẹ ti dé.”

Safurat ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sì bẹ Josiah pé kó lọ wá irin ìdìmú tí yóò fi sí ọ̀nà náà.