Ẹni Tí Kifayat Dárúkọ

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejì ọdún 2024, Kifayat ọmọ Sànúsí kọrin níwájú ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òṣogbo fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méje. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Híjáàbù ilé ìwé ló wà lórí rẹ̀, gbohùngbohùn tí wọ́n yá ní mọ́ṣáláṣí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó dúró tì í tó igba. Wọ́n bu omi Ọ̀ṣun sínú ike, ó pọ́n bíi tíì tí a po mílíìkì mọ́.

Orin náà kò ṣàdédé wá. Mùyídéènì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un wá. Télọ̀ ni Mùyídéènì, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá wọn kú, tí iṣẹ́ kò sì wọlé mọ́, ó lọ ń fọ yẹ̀pẹ̀ góòlù ní ibùdó ìwakùsà kan lẹ́yìn Ìwàràjà, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tó wálé ní oṣù Kìn-ín-ní, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ó pe Kifayat sí ẹ̀yìnkùlé, ó sọ fún un pé wọ́n ní kí àwọn máa da oògùn tí wọ́n fi ń mú góòlù sínú odò. Ó ní àwọn ọmọ abúlé tó wà nísàlẹ̀ odò ń bì, ara wọn sì ń bó.

"Ìwọ lo ní ohùn, fi kọrin," ló wí. "Ṣùgbọ́n orúkọ mi ò gbọdọ̀ jáde o, Kifa. Wọn ò ní fi mí sílẹ̀."

Kifayat búra fún un.

Aṣáájú olórin wákà ni Kifayat ní àsàlátù àdúgbò wọn. Láti kékeré ni ìyá wọn ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá fún olórin ní ohun tó fi kọrin, olórin gbọ́dọ̀ kí i tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀ kí orin tó parí. Olórin tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, aláìmoore ni. Lọ́jọ́ Àìkú gbogbo, Kifayat a kí ẹni tó gbé àga wá, a kí ẹni tó pọnmi, a kí ẹni tó sọ ìtàn fún un. Ó ti mọ́ ahọ́n rẹ̀ lára.

Jibril, tó kó àwọn ọ̀dọ́ náà jọ, ló ní kó kọ ọ́ ní wákà, kí àwọn ìyá tó ń kọjá lè mọ̀ ọ́n gbè.

"Góòlù yín ò ṣeé mu,
Omi wa lẹ dà rú,
Ọmọ abúlé ń bì, ẹ̀yin ń wọn góòlù."

Èrò ń gbè é pé, "Ẹ dá omi wa padà." Fóònù ga sókè. Àwọn ọlọ́kadà dúró. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan tó wọ kaftáànì jáde láti inú ọ́fíìsì náà, tó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí, ta ló sọ fún ọ? Ṣé o débẹ̀ ni? Lọ múra ìdánwò rẹ."

Àwọn kan nínú èrò bá a rẹ́rìn-ín. Ojú ti Kifayat. Orin sì ti dé ibi ìkíni. Kò ronú. Ẹnu rẹ̀ gba ọ̀nà tó ti ń gbà láti kékeré:

"Ẹ bá mi kí Mùyídéènì ọmọ Sànúsí,
Ojú rẹ̀ ló ṣe ní Ìwàràjà,
Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń da oògùn sódò."

Èrò hó yèè. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yọ fóònù tirẹ̀ náà, ó ní kó tún un kọ. Kifayat sì tún un kọ.

Ẹyin lohùn. Kò tíì délé tó fi rántí ìbúra rẹ̀. Ó pe Mùyídéènì, tó ti padà sí ibùdó, lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, fóònù ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Jibril ló pè é, inú rẹ̀ ń dùn pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn ti wo fídíò náà. Kifayat bẹ̀ ẹ́ kó pa á rẹ́.

"Àbúrò," ni Jibril wí, "ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa."

Ní ọjọ́ kẹta, awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ rí Mùyídéènì nílẹ̀ ní oríta Ìwàràjà, ó sì gbé e lọ sí ọsibítù ní Iléṣà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibùdó náà ti dè é mọ́ igi. Wọ́n ń fi fóònù kọ orin àbúrò rẹ̀ sí i létí. Bí orin bá ti kan orúkọ rẹ̀, ẹni méjì a gbá a létí lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́tùn-ún àti lósì. Wọ́n ṣe é títí bátìrì fóònù fi kú.

Kifayat kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bọ̀dá, ẹ dárí jì mí." Mùyídéènì ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ní kó sọ ọ́ sókè díẹ̀. Kifayat kígbe rẹ̀, ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sì kọjú sí ògiri. Mùyídéènì mi orí pé òun kò gbọ́.

Ìyá wọn kò nà án. "Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí o máa kí èèyàn," ló wí. "Mi ò kọ́ ọ ní ẹni tí a kì í kí."

Ọlọ́pàá ní kí wọ́n mú ẹlẹ́rìí wá. Àwọn tó bá Mùyídéènì ṣiṣẹ́ ti gbọ́ orin náà, wọ́n sì ti rí ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnì kankan kò wá.

Òtítọ́ ni Kifayat kọ lórin, kíkọ ọ́ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ òtítọ́ fún aráyé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bo ẹni tó sọ ọ́ fún un. Ìyìn èrò dùn, àmọ́ kì í ṣe èrò ni wọ́n máa dè mọ́ igi.

Ibùdó náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Omi náà ṣì pọ́n. Mùyídéènì ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹni tó bá fẹ́ ránṣọ a kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Etí rẹ̀ méjèèjì ló lọ.