Àwọn Ẹlẹ́ṣin Tó Sọdá Afárá

Igbe tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ké lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ká ní òkúta létí ni, gbogbo òkúta inú ayé ì bá ti dití. Obìnrin yìí ló ń tọ́jú gbọ̀ngán. Ó kàn fẹ́ wọlé gbálẹ̀ ni. Òkú ló bá.

“Wọ́n ti pa Bàbá Kòsá o! Wọ́n fi tépù fún un lọ́rùn!”

Ìyá Sájẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ sáré dé ibẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Bàbá Kòsá ló dojú délẹ̀ lórí tábìlì ogun rẹ̀, tó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá ayé mọ́ra. Tépù aláṣọ tí àwọn aránṣọ fi ń wọn èèyàn ló wé mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n fi òwú pupa rán etí tépù náà.

Ìyá Sájẹ́ǹtì mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló rán òwú pupa yẹn. Tépù àbúrò rẹ̀ ni.

Ẹ gbọ́ irú èèyàn tí Bàbá Kòsá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Lọ́dọọdún, wọ́n á gba gbọ̀ngán yìí, wọ́n á to ogun àwọn ọba àtijọ́ sórí tábìlì pẹ̀lú ọmọ ogun òjé tí ò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ọ̀dà búlúù lodò wọn, páálí lòkè wọn. Wọ́n á ju dáìsì, wọ́n á fi tépù wọn ìrìn ẹṣin, wọ́n á sì máa bú ara wọn bí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo wọn lóde á rò pé ọ̀run ló ń ya lulẹ̀.

Òfin kan ju gbogbo òfin wọn lọ: ọmọ ogun tó bá dùbúlẹ̀ ti kú. Bí aṣọ rẹ bá gbá èyí tí kò kú ṣubú, o gbọ́dọ̀ gbé e dìde síbi tó wà gan-an, kódà kí ilé máa jó lé ọ lórí. Wọ́n lè parọ́ fún ìyàwó. Wọ́n lè parọ́ fún àlùfáà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ẹṣin kan síbi tí kì í ṣe ipò rẹ̀? Wọ́n á kúkú gbé májèlé mu.

Ìyá Sájẹ́ǹtì tẹ̀ mọ́ tábìlì. Nǹkan kan ò bá ojú rẹ̀ mu.

Bàbá Kòsá sanra débi pé tó bá fẹ́ jókòó, àga á kọ́kọ́ gbàdúrà. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wó lu tábìlì. Síbẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá rẹ̀ dúró lórí ìlà ṣánṣán bí ọmọ iléèwé láàárọ̀. Ọ̀kọ̀ ọwọ́ àwọn kan nínú wọn ti ṣẹ́, ẹnu ibi tó ṣẹ́ sì ń dán. Àfọ́kù ọ̀kọ̀ wọ̀nyẹn wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ òkú. Ẹlẹ́ṣin kan ṣoṣo ló dùbúlẹ̀, lẹ́nu afárá.

Ó yẹ àpò àyà Bàbá wò. Afọnfèrè òjé kan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ara ọmọ ogun Bàbá. Wọ́n lẹ aṣọ dúdú mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ẹnì kan ti ṣí aṣọ náà dé ìdajì, òdòdó pupa kan sì wà lábẹ́ rẹ̀, tó kéré bí ojú èèrà.

Ó fa aṣọ tábìlì kan, ó bo òkú àti ogun rẹ̀ pọ̀.

“Ìyá Kọ́kọ́rọ́, kí lẹ rí?”

“Bàtà àti tépù nìkan, Màmá! Ṣé mo máa dúró wòran ni?”

“Ẹ ti ilẹ̀kùn méjèèjì pa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé kí ọlọ́pàá tó dé.”

Ìyẹn ló sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọlọ́pàá ti ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n á rí tépù. Wọ́n á gbọ́ pé láàárọ̀, lójú gbogbo èèyàn, àbúrò rẹ̀ na ìka sí Bàbá Kòsá, ó ní, “Lórí tábìlì yìí ni wàá kú sí lónìí!” Wọ́n ò ní béèrè ìkejì.

Níbi tí gbogbo wọn ti ń jẹun lóde, èèyàn mẹ́ta péré ló dìde: Télọ̀, ìyẹn àbúrò rẹ̀; Ọlọ́jà, tó ń ta ọmọ ogun òjé; àti Dókítà Eyín.

Ó kọ́kọ́ pe Télọ̀ sí yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngán. Òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Lónìí, irùngbọ̀n ti kún un lẹ́nu.

“Báwo ni tépù rẹ ṣe dé ọrùn Bàbá?”

“Orí tábìlì ni mo fi sí, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé tépù ni màá fi jẹun ni?”

“O ní o máa pa á.”

“Ọmọ ogun rẹ̀ ni mo ní màá pa! A kì í jí láìpa ara wa!”

“Níbo lo lọ nígbà tí o dìde?”

“Mo lọ pe ìyàwó mi lórí fóònù, lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn.”

“Ta ló rí ọ?”

“Ògiri.”

Ó wo àbúrò rẹ̀ bí ẹni pé kó gbá a létí, kó tún gbá a mọ́ra.

“Kí ló dé tí Bàbá ò jáde wá jẹun?”

“Òun ló kàn láti rìn ẹṣin. Mo ní kó ronú sí i, kó rìn ín bó bá ti wù ú. Bàbá ò lè yan èèyàn jẹ.”

Ọlọ́jà wọlé. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Tó bá sùn, eyín rẹ̀ á máa bá iṣẹ́ lọ.

“Omi ni mo lọ gbé nínú mọ́tò, Màmá. Lóòótọ́, Bàbá Kòsá bú ọjà mi láàárọ̀. Ó ní ọmọ ogun mi dà bí ẹyin tó wọ fìlà. Ó dùn mí! Ṣùgbọ́n tí n bá ń pa gbogbo ẹni tó bú ọjà mi, ta ni ì bá kù láyé?”

Ìyá Sájẹ́ǹtì na afọnfèrè sí i. “Ta ló ni èyí?”

“Dókítà ni. Òun nìkan ló ń lẹ aṣọ dúdú sábẹ́ ọmọ ogun, ó ní kó má baà ha tábìlì. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló ń gba ẹ̀bùn ọ̀dà kíkùn lọ́dọọdún.”

“Òdòdó yìí ńkọ́?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ohùn Ọlọ́jà wálẹ̀.

“Ìyàwó Bàbá Kòsá tó dolóògbé,” ló wí jẹ́jẹ́. “Òun ló máa ń fi òdòdó sábẹ́ ohunkóhun tó bá kùn. Màmá, ẹ̀rù ń bà mí.”

Dókítà Eyín wọlé, ó mọ́ tónítóní, ó ń ta sánsán bí ọṣẹ ìfọyín. Eyín rẹ̀ funfun débi pé èèyàn lè fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kàwé.

“Mo lọ fọ eyín mi ni, Màmá. Tí mo bá ti jẹun, mo gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́.”

“Ṣé ẹ padà wọ gbọ̀ngán?”

“Rárá o. Láti ìgbà tí gbogbo wa ti jáde lọ jẹun, ẹsẹ̀ mi ò tẹ ibẹ̀ mọ́.”

“Afọnfèrè yín ló wà lápò Bàbá.”

“Èmi ni mo ní kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ má bínú, Màmá. Mo gbọ́ pé tépù wà lọ́rùn olóògbé. Afọnfèrè kì í fún èèyàn lọ́rùn.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyá Sájẹ́ǹtì lọ́kàn bí abẹ́rẹ́. Ó mọ̀ pé bí ọlọ́pàá náà á ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ó wo ojú ọ̀nà. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni. Ó bá mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya odò àti afárá sórí tábìlì lásán kan nínú yàrá náà. Ó kó ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò jọ. Ó wá bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Tí wọ́n bá gbé Bàbá, ogun rẹ̀ á dàrú. Mi ò fẹ́ kó parun. Ẹ máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìdérí wọ̀nyí to ẹlẹ́ṣin Bàbá fún mi bí ẹ ṣe rí wọn gbẹ̀yìn. Èyí tó bá ti kú, ẹ dojú rẹ̀ dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì í tò. Nítorí òkú.”

Télọ̀ wọlé. Ó to gbogbo ẹlẹ́ṣin sí òdìkejì odò. Kò sí èyí tó kú nínú wọn.

Ọlọ́jà wọlé. Ó da ìdérí sílẹ̀ bí ẹni tó ń fún adìẹ lóúnjẹ. “Èmi ń tà wọ́n ni, Màmá. Mi ò mọ̀ wọ́n tò.”

Dókítà wọlé.

Ó dúró díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó tún padà. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń to eyín sẹ́nu ọmọdé. Ó kó wọn kọjá lórí afárá. Ó tò wọ́n sí ìhín odò, ó fi èékánná tọ́ ìlà wọn. Ó mú ọ̀kan, ó dojú rẹ̀ dé lẹ́nu afárá. Ó wò ó. Ó sún un bí ìwọ̀n irun orí kan.

Ìyá Sájẹ́ǹtì sún mọ́ tábìlì. Gbogbo yàrá ń ta sánsán.

“Dókítà,” ló wí, “ta ló sọ fún yín pé wọ́n ti sọdá?”

Ọwọ́ Dókítà dúró lófuurufú.

“Nígbà tí gbogbo yín jáde lọ jẹun, òdìkejì ni wọ́n wà. Bàbá nìkan ló rìn wọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bo tábìlì. Ẹni méjì péré ló rí ẹṣin wọ̀nyí níhìn-ín odò: èmi, àti ẹni tó gbé wọn dìde. Nítorí Bàbá wó wọn lulẹ̀ nígbà tó ṣubú, ọ̀kọ̀ wọn ṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan pa èèyàn tán, ó wá dúró, ó ń to ẹṣin.”

Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí àpò tí wọ́n tú ìdí rẹ̀.

“Ìyàwó rẹ̀ ló kùn gbogbo wọn fún mi,” ló wí. “Ní bòńkẹ́lẹ́, kó tó kú. Mo ní èmi ni. Ọdún ń gorí ọdún, mo ṣáà ń ní èmi ni. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń yẹ́ mi sí láyé nìyẹn. Bàbá ṣí aṣọ abẹ́ afọnfèrè, ó rí òdòdó. Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní orúkọ ìyàwó òun ni wọn á pè fún ẹ̀bùn nírọ̀lẹ́ yìí, kì í ṣe tèmi. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ju dáìsì, ó rìn. Bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Tépù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi.”

“Kí ló dé tí ẹ wá gbé ẹṣin dìde?”

Ó gbójú sókè, ó yà á lẹ́nu pé wọ́n tún bi í léèrè.

“Wọn ò tíì kú, Màmá. Ọ̀kan ṣoṣo ló kú lẹ́nu afárá. Kí n fi ìyókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìrẹ́jẹ nìyẹn.”

Ọlọ́pàá dé, wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu ara rẹ̀, wọ́n mú un lọ. Wọ́n rọra gbé Bàbá Kòsá kúrò. Wọ́n rọra débi pé ẹṣin kan ò mì.

Télọ̀ dúró ti tábìlì, ó ń wo àwọn ẹlẹ́ṣin níhìn-ín odò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di apá rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n ṣì fẹ́ gbà á lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ti ká mi mọ́. Ẹ wò ó. Kò síbi tí mo lè gbà.”

“Má sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá o.”

Télọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀gágun tirẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò búlúù.

Ẹnikẹ́ni ò gbé e dìde.