Egungun Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Jẹ̀lílì

Inú kànga gbígbẹ kan ní Mushin ni wọ́n ti hú egungun Jẹ̀lílì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, jáde. Ọdún mẹ́ta ni gbogbo èèyàn fi rò pé awakọ̀ náà ti sá lọ sí Kútọnu. Lẹ́tà tí kò lórúkọ ló júwe kànga náà fún ọlọ́pàá: "Òkú Jẹ̀lílì wà níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ Teslim ló la egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí méjì."

Lóòótọ́, egungun náà là. Wọ́n ti Teslim, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, mọ́lé. Kò jiyàn pé àwọn jà ní gáréèjì lọ́jọ́ tí Jẹ̀lílì sọnù, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀ṣẹ́ ẹyọ kan lòun jù sí i. Ohun tó fa ìjà, kò sọ.

Bàbá Ọláyíwọlá, onílé tó ni kànga náà, ní òun lòun fi kọnkéré dé kànga lọ́sẹ̀ yẹn. Jael, ayálégbé òun tí ọkọ̀ pa ọmọ rẹ̀, ló bẹ òun, kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa kó sí i. Òun ò yọjú wo inú rẹ̀.

Ọkàn Inspẹ́kítọ̀ Kòfowórọlá ò balẹ̀. Ó gbé agbárí náà lọ bá Dókítà Ummulkhair, onímọ̀ nípa egungun, ní Yaba. Dókítà fi ìka tọ ojú ibi tó là. Ó jọ̀lọ̀, kò rí gbágungbàgun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì náà là bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ẹnikẹ́ni ò fọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ẹyọ kan ni tèmi àti tiyín, tirẹ̀ jẹ́ méjì. Òun gan-an lè má mọ̀."

"Ta ló wá lè mọ̀, tó fi kọ ọ́ sí lẹ́tà?"

"Ẹni tó bá ti rí àwòrán egungun ojú rẹ̀."

Kòfowórọlá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé àwọn ilé ìwòsàn wò. Ọjọ́ kẹrin ló rí i ní Sùúrùlérè: eyín ń dun Jẹ̀lílì nígbà kan, wọ́n ya àwòrán egungun ojú rẹ̀. Orúkọ ẹni tó yà á wà nísàlẹ̀: Jael.

Ó tẹ́ àwòrán àti lẹ́tà síwájú rẹ̀. Jael ò sẹ́.

"Teslim àti Jẹ̀lílì ń fi bọ́ọ̀sì sáré ìje, wọ́n tẹ Ayọ̀miídé mi pa. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n jẹ́rìí gbe ara wọn, wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ òfin."

Ó ní nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìjà yẹn, Jẹ̀lílì wá kúnlẹ̀ bẹ òun. Jẹ̀lílì ní òun ti sọ fún Teslim pé òun máa jẹ́wọ́ ohun tí àwọn ṣe, ìdí tó fi lu òun nìyẹn. Jael fún un ní ìgò mọ́ọ̀tì tó ti po oògùn oorun sí. Nígbà tó ń tòògbé, ó mú un dé ẹ̀yìnkùlé, ó tì í sí kànga.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí lẹ kọ lẹ́tà?"

"Teslim sọmọ rẹ̀ lórúkọ ládùúgbò wa lóṣù tó kọjá. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín bàbá ọmọ náà látinú yàrá mi. Ṣé ẹ máa tú u sílẹ̀?"

"Lónìí. Ìyá Ayọ̀miídé, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ẹ ní lórí Teslim lẹ tì sí kànga yẹn."

Ìgbà yẹn lomi tó bọ́ lójú Jael.