Ìdì Ewé Tó Dúdú Jù

"Ẹ káàsán o. Ṣé ibí ni wọ́n ti ń tún ìwé ṣe?"

Abẹ́rẹ́ ti mọ ohùn náà kó tó gbójú sókè. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́ ni, èyí tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ìwé ńlá kan tó ti já mọ́ àyà. Bó ṣe rí ẹni tó jókòó ti tábìlì, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ lo wà níbí?"

"Èmi ni. Ṣé o tún gbé bébà wá ni?"

"Abẹ́rẹ́," ni àǹtí rẹ̀ pè é látẹ̀yìn, "ṣé bí wọ́n ṣe ń kí oníbàárà nìyẹn?"

Ẹlẹ́rìn-ín na ìwé náà sí àǹtí. "Ìwé bàbá mi ni, mà. Látìgbà tí wọ́n ti já bọ́ látorí òrùlé tí wọ́n ń kàn, ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n wà. Ìwé yìí ni wọ́n fi ń jí láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Àǹtí gba ìwé náà. Ó fi okùn wọn bó ṣe nípọn tó, ó sì gé páálí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: páálí ni yóò kọ́kọ́ gé, kí gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ lè máa gbẹ nígbà tí rírán inú ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ ló máa ń ran inú. Ọwọ́ rẹ̀ yá níbẹ̀, òun ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ ò gbàgbé nǹkan kan. Nínú ìdánwò àṣekágbá, Ẹlẹ́rìn-ín kọ ìdáhùn sínú bébà pélébé. Nígbà tí olùkọ́ ń bọ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ àga Abẹ́rẹ́. Wọ́n rí i níbẹ̀, wọ́n sì lé Abẹ́rẹ́ jáde nínú ìdánwò. Wọ́n bi Ẹlẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, sà." Àwọn ẹgbẹ́ Abẹ́rẹ́ kọjá lọ, wọ́n sì ní kí òun tún kíláàsì kan náà kà. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ìdì ìdì ni ewé ìwé máa ń wà. A ó ká ewé mélòó kan sínú ara wọn, a ó fi òòlu lu ihò sójú ibi tí a ká, a ó fa okùn tí a ti fi ìda pa gba inú ihò náà, lẹ́yìn náà ni a ó so ìdì kan mọ́ èkejì. Bí Abẹ́rẹ́ ṣe ń to àwọn ìdì náà, ó rí ọ̀kan tí etí rẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ. Ẹni tó bá ń tún ìwé ṣe mọ ohun tí dúdú yẹn ń wí: ibẹ̀ ni àtàǹpàkò ẹni tó ni ìwé máa ń bà sí jù.

Ó yọ ọ́. Ó rọra kì í bọ inú àpò rẹ̀, ó sì ran ìyókù pọ̀.

"Kí bàbá ẹ wá a títí," ló ń sọ lọ́kàn. "Wọ́n á ní ìwọ lo sọ ọ́ nù lójú ọ̀nà. Wàá búra, wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́. Kí ìwọ náà tọ́ ọ wò."

Nílé, ó yọ ìdì náà jáde kó lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kà á. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan tí ayé dojú rẹ̀ dé ni: "Mo ti ṣubú. Mi ò ní bá ilẹ̀ jà. Ilẹ̀ tí mo ṣubú sí yìí náà ni mo máa fọwọ́ tì dìde, Olúwa á sì gbá mi nígbọ̀nwọ́ mú."

Abẹ́rẹ́ pòṣé. Ó tún un kà. Ó wo àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, tí eruku ti bò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e jáde, kò tíì ṣí ọ̀kan. Ilẹ̀ ló ń bá jà. Ṣùgbọ́n kò dá ìdì ewé náà padà. "Ọ̀rọ̀ yìí dáa," ló ní, "àmọ́ Ẹlẹ́rìn-ín ṣì jẹ mí níyà."

Lọ́jọ́ kejì, àǹtí gbé páálí tó ti gbẹ wá, ó ti ìwé bọ̀ ọ́. Ìwé náà ń mì nínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà àgbà.

"Ìwé yìí rù," ni àǹtí wí. "Ṣé ó sùn síbí, ibà wá mú un ni?"

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìda pa okùn.

"Èmi ni mo gé páálí yìí. Níbo ni ìyókù wà?"

Abẹ́rẹ́ yọ ìdì náà láti inú àpò, ó sì ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un. Àǹtí gbọ́ ọ tán.

"Ta lo fẹ́ fìyà jẹ?"

"Ẹlẹ́rìn-ín ni, mà."

"Ta ló wà ní ìdùbúlẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ gbé ìdì ewé náà lé orí tábìlì.

"Bí o bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, má gbẹ́ ẹ jìn. Wọ́n fi ohun tí o kò ṣe kàn ọ́, o mọ bó ṣe dùn ọ́ tó. Òun náà lo wá ń sè fún ẹlòmíì. Já okùn yẹn. Ran gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo máa gbé e lọ fún wọn. Láti òní lọ, màá máa ka ìdì kí o tó fọwọ́ kan ìwé ẹnikẹ́ni."

Èyí tó kẹ́yìn ló dun Abẹ́rẹ́ jù.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ dé ilé wọn, orí mátírẹ́ẹ̀sì ni bàbá Ẹlẹ́rìn-ín tó jẹ́ káfíńtà wà. Ó gba ìwé náà, ó ṣí i láìwò ó, àtàǹpàkò rẹ̀ sì balẹ̀ sójú ewé dúdú. Ó mí kanlẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. Bá mi kà á."

Abẹ́rẹ́ kà á. Ọkùnrin náà ń bá a sọ ọ́ lábẹ́nu. Nígbà tí wọ́n dé ibi "mo máa fọwọ́ tì dìde," ó fi ọwọ́ méjèèjì ti mátírẹ́ẹ̀sì, ó gbé èjìká rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín fara ti òpó ilẹ̀kùn, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ó sin Abẹ́rẹ́ dé ìta. "Èmi ni mo ni bébà yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o ò ní sọ fún bàbá mi?"

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀san ti dé ẹnu Abẹ́rẹ́ tán. Ó wo ojú fèrèsé tí ọkùnrin náà wà.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́," ló ní. "Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún wọn. Ìwọ lo máa lọ bá olùkọ́. Bó o bá lọ, ó dáa. Bó ò bá lọ, èmi ń lọ kàwé mi."

Nílé, ó gbọn eruku ara àwọn ìwé rẹ̀, ó sì ṣí èyí tó wà lókè. Inú ṣì ń bí i. Ṣùgbọ́n ó ti wá mọ̀ pé ọwọ́ tó bá di ìkúùkù kò lè ti ilẹ̀ dìde; ó dìgbà tó bá là.