Àmì Pupa Létí Odò

"Tìrẹ dà?" Ọ̀gá obìnrin tó wá láti ọ́fíìsì ètò ìlú na bíró pupa sí mi.

Máàpù ìlú wa bo tábìlì mẹ́rin nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé. Wọ́n fẹ́ tún etí odò ṣe, wọ́n sì ní ká bi àwọn ará ilé wa léèrè ibi tó ṣe pàtàkì sí wọn, ká fàmì sí i, kí katakata má baà hú u. Ọ̀rẹ́ mi ti fàmì mẹ́fà.

"Mi ò ní, mà."

Irọ́ ni. Mo ní ọ̀kan.

Ní Sátidé tó ṣáájú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, aránṣọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí mo ń pè ní Màmá, mú mi lọ sétí odò, níbi òkúta pẹlẹbẹ kan. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní ibẹ̀ lomi ti gbé ọmọ òun lọ, ọmọ ọdún mẹ́rin, nígbà tí òun ń fọṣọ. Gbogbo Sátidé ló máa ń wá jókòó tì í.

"Bàbá rẹ pàápàá ò mọ̀ pé mo máa ń wá síbí. Má sọ fẹ́nì kankan o."

"Mo gbọ́, Màmá."

Àmọ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn, ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín: "Àbí inú ihò lẹ ń gbé ni?" Ni mo bá gba bíró. Mo fàmì, mo sì tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá náà nu ojú rẹ̀. "Irú èyí gan-an là ń wá," ó ní. Orí mi wú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n gbé pátákó síbẹ̀: IBI TÍ ÌYÁ KAN TI PÀDÁNÙ ỌMỌ RẸ̀. Àwọn èèyàn ń wá ya fọ́tò. Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà, Màmá tètè padà wálé.

"Obìnrin kan bi mí bóyá mo mọ ìyá tí kò mójú tó ọmọ rẹ̀ yẹn," ó ní, ó sì ń wò mí.

Mo kúnlẹ̀. Kò pariwo. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Mo sáré lọ bá ọ̀gá náà. Ojú rẹ̀ fà ro. "O ò sọ pé kò fọwọ́ sí i. Èmi náà ò sì béèrè." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti hú pátákó náà, wọ́n sì ti yọ àmì náà kúrò.

"Wọ́n ti pa á rẹ́, Màmá."

"Nínú ìwé nìyẹn. Àwọn tó ti gbọ́ ńkọ́?"

Kò lọ sétí odò mọ́. Ìdí máṣíìnì ló ń lo Sátidé báyìí. Ó ṣì ń bá mi rán yunifọ́ọ̀mù mi tó bá ya, ṣùgbọ́n bí mo bá bi í ní nǹkan nípa ìgbà èwe rẹ̀, á ní, "Mi ò rántí."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan finú hàn wá sọ kì í ṣe tiwa láti fi gba ìyìn, bó ti wù kí iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe dára tó. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Èmi ò tọrọ, Màmá sì ti pa ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ dé mọ́ mi.